Ère Méjìlá Tó Kúnlẹ̀ Lọ́nà Ìfọ́n

Rísíkátù kò pe iṣẹ́ ọmọ rẹ̀ ní iṣẹ́ rí. Eré amọ̀ ló ń pè é. Ní gbogbo ọjọ́ Jímọ̀ tí Dọlápọ̀sí bá ti Ìlobù wá kí i ní Ìfọ́n, bó bá ti kúnlẹ̀ báyìí, ìyá á gbá ọwọ́ rẹ̀ mú, á máa fi ìka wá ẹrẹ̀ lábẹ́ èékánná rẹ̀. Ojú ìyá ti ṣú nígbà náà. Ọwọ́ ló fi ń wo èèyàn.

"Ère mélòó lo bí lọ́sẹ̀ yìí?"

"Mẹ́ta ni, Ìyá mi."

"O kú ewu ọmọ. Ọlọ́run ò ní jẹ́ kí òjò pa wọ́n. Ṣùgbọ́n nínú gbogbo wọn, èwo ló máa pè mí ní ìyá àgbà?"

Ẹ̀rín ni wọ́n máa ń fi gbé e. Dọlápọ̀sí ti lé ní ogójì ọdún. Ó ti wọlé ọkọ rí, ó ti jáde, ọwọ́ òfìfo ló sì gbé padà sílé Adégbénró bàbá rẹ̀ ní Ìlobù. Iṣẹ́ ère ló kù tó dì mú. Kọ́lẹ́ẹ̀jì kan ló ti ń ṣiṣẹ́ lọ́nà Òṣogbo, ó ń kọ́ àwọn ọmọ ibẹ̀ bí wọ́n ṣe ń mọ ère, bí wọ́n ṣe ń gbẹ́ ẹ, àti èyí tí àwọn olóyìnbó ń pè ní ìnsitọléṣàn. Nígbà tí ìyá rẹ̀ bi í pé kí ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀, ó ní, "Ìyá mi, ẹ ò ní gbé ère náà sórí tábìlì. Ibi tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ wà lẹ ó tò ó sí, ibẹ̀ fúnra rẹ̀ á wá di ara ère."

Ìyá ní, "Ohun tí à ń ṣe nídìí ààrò nìyẹn. Bí o bá gbé ààrò kúrò níbi tó wà, ó ti di òkúta mẹ́ta."

Dọlápọ̀sí gbé ọ̀rọ̀ yẹn lọ sí kíláàsì. Kò sí ọmọ tó kọ́ tí kò mọ̀ ọ́n sórí.

Ọmọ Ìfọ́n ni Rísíkátù, Ìlobù ló lọ́kọ sí, ó sì lò tó ọdún márùndínláàádọ́ta níbẹ̀. Nígbà tí ọkọ kú tí ojú sì ń ṣú, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin, Bàbá Ọ̀ṣúndáre, wá mú un padà sílé kí àwọn ìyàwó ilé lè máa tọ́jú rẹ̀, torí Dọlápọ̀sí kì í gbélé lọ́sàn-án. Ó gbà láti lọ. Ṣùgbọ́n kó tó gbé ẹsẹ̀, ó pe ọmọ rẹ̀ wọ yàrá.

"Lọ́jọ́ tí mo bá kú, ẹ̀gbẹ́ bàbá rẹ ni kí o gbé mi wá. Mi ò ní sùn nílé bàbá mi bí ọmọge tí ọkọ kọ̀. Ṣé o gbọ́?"

"Mo gbọ́, Ìyá mi."

"Mi ò ní o gbọ́. Mo ní kí o búra."

Ó búra.

Ọ̀nà kò jìn. Bí ládáánì bá pe ìrun ní Ìlobù, wọ́n ń gbọ́ ọ ní Ìfọ́n. Ilẹ̀ tó wà láàárín ni kò dára, torí àwọn ti ìhín ní tàwọn ni, àwọn ti ọ̀hún náà ní tàwọn ni, ìjà rẹ̀ sì ti wà kí Dọlápọ̀sí tó gbọ́njú. Ọ̀nà ẹsẹ̀ kan la ilẹ̀ náà kọjá. Òun ló máa ń gbà lọ kí ìyá rẹ̀.

Lọ́dún 1994, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́fà ló fẹ́ jáde lábẹ́ rẹ̀. Mùtíátù wá láti Ìfọ́n, Irewọlé wá láti Ìlobù, àwọn yòókù jẹ́ ọmọ Òṣogbo. Ó ní iṣẹ́ ìdánwò wọn yóò jẹ́ obìnrin méjìlá tí wọ́n fi amọ̀ mọ, lórí ìkúnlẹ̀, lórí ìlà kan tó dábùú ọ̀nà ẹsẹ̀ yẹn. Mẹ́fà yóò máa kí Ìfọ́n, mẹ́fà yóò máa kí Ìlobù, àyè yóò sì wà láàárín kí èrò lè kọjá. Ó lọ tọrọ àyè lọ́wọ́ àwọn àgbà.

"Ta ló kúnlẹ̀ fún ta?" Bàbá Ọ̀ṣúndáre béèrè.

"Wọ́n ń kí ara wọn ni, Bàbá."

"Ta wá ni ẹ̀gbọ́n nínú wọn?"

"Kò sí ẹ̀gbọ́n níbẹ̀, sà."

"Ẹni méjì tó kúnlẹ̀ tí kò sí ẹ̀gbọ́n láàárín wọn, ta ló máa ní kí wọ́n dìde?" Bàbá rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi dé. "Ọ̀sẹ̀ kan péré. Bí àwọn tó ń yẹ iṣẹ́ wò bá ti lọ, kí o kó wọn ńlẹ̀."

Ní Ìlobù, Bàbá Dúró tó jẹ́ olórí ẹbí bàbá rẹ̀ náà fún un ní ọ̀sẹ̀ kan. Ó kàn fi kún un pé, "Ọmọ wa ni ọ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ àwọn ọ̀hún náà wà lára rẹ, má jẹ̀ẹ́ kó gun orí."

Ère amọ̀ tó bá tóbi gbọ́dọ̀ ní egungun nínú, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ yóò wó. Irin ló yẹ kí wọ́n fi ṣe é, kọ́lẹ́ẹ̀jì kò sì ní irin fún wọn. Ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù wọn ni ọgbà pèrègún kan wà. Dọlápọ̀sí ní kí wọ́n gé e, kí wọ́n sá a sóòrùn fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.

"Ma," Mùtíátù ní, "igi tí bàbá mi fi ń pààlà oko nìyí o. Wọ́n ní kì í kú."

"Wò ó, ó ti gbẹ táútáú. Inú amọ̀ ló sì máa wà. Ta ni yóò rí i?"

"Àbí o fẹ́ máa bomi rin ín ni, Mùtí?" Irewọlé dá a lóhùn, gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín.

Dọlápọ̀sí náà rẹ́rìn-ín. Ọmọ àgbẹ̀ ni òun náà, bàbá rẹ̀ ti gbin pèrègún lójú rẹ̀ rí. Ilé ìwé ti pẹ́ lójú rẹ̀ ju oko lọ ni.

Wọ́n to àwọn obìnrin náà tán, ó sì dùn ún wò. Àwọn tó ń toko bọ̀ á dúró, wọ́n á ní, "Ẹ dìde o, ìkúnlẹ̀ náà tó!" Mùtíátù fa ìyá Dọlápọ̀sí lọ́wọ́ wá. Ìyá fọwọ́ tọ́ ojú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó dé orí ìkeje, ó dúró.

"Imú èyí jọ tèmi."

"Ẹ̀yin ni, Ìyá mi."

"Ibo ni mo kọjú sí?"

"Ìlobù ni."

"Ó dáa," ìyá ní. "Ó dáa bẹ́ẹ̀."

Ó ku ọjọ́ mẹ́rin kí àwọn olùyẹ̀wò dé ni àwọn olùkọ́ da iṣẹ́ sílẹ̀. Wọ́n ti kọ́lẹ́ẹ̀jì pa. Dọlápọ̀sí rò pé kò ní ju ọjọ́ díẹ̀ lọ. Nígbà tí Bàbá Dúró ránṣẹ́ pé ọ̀sẹ̀ kan ti pé, ó bẹ̀bẹ̀ pé bí òun bá kó wọn, kí ni àwọn ọmọ ọlọ́mọ máa fi gbàwé? Wọ́n fún un ní ọ̀sẹ̀ kan sí i. Ó bẹ Bàbá Ọ̀ṣúndáre náà. Ọ̀sẹ̀ kan di mẹ́jọ, òjò sì dé. Imú ló kọ́kọ́ já bọ́, lẹ́yìn náà ọwọ́. Ó ní lọ́la ni òun máa kó wọn. Lọ́la yẹn ni ibà dá a dùbúlẹ̀, ó sì lo ọjọ́ méjìlá lórí ẹní.

Nígbà tó fi máa dìde, amọ̀ ti ṣàn lọ. Pèrègún méjìlá ló kù lórí ìlà kan gbọọrọ, láti ìgbẹ́ dé ìgbẹ́, gbogbo wọn ti ta gbòǹgbò, wọ́n ti rúwé.

Kí ni èèyàn fẹ́ sọ? Ìfọ́n ní tíṣà Ìlobù ti fi ẹ̀tàn pààlà sínú ilẹ̀ àwọn. Ìlobù ní ọmọ obìnrin Ìfọ́n ti gé ilẹ̀ àwọn fún ilé ìyá rẹ̀. Ó ń sọ pé egungun ère ni, wọ́n ní ère dà? Kò rí ère kankan nawọ́ sí. Wọ́n fọ́ra wọn lórí, ahéré méjì jóná, wọ́n sì gé igi dí ọ̀nà ẹsẹ̀. Àwọn tí ìjọba rán wá ní kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kan ohunkóhun níbẹ̀ títí wọn yóò fi parí ọ̀rọ̀. Ìfọ́n ní kí tíṣà náà má wọ ìlú àwọn mọ́. Jímọ̀ kan kọjá, Dọlápọ̀sí kò rí ìyá rẹ̀. Jímọ̀ mẹ́wàá kọjá.

Ọjọ́bọ̀ kan, Mùtíátù gba Òṣogbo yípo, ó wá bá a ní Ìlobù. Bí ọmọ náà ṣe kúnlẹ̀ tí kò dìde ni Dọlápọ̀sí ti mọ̀.

"Nígbà wo?"

"Ìdájí àná ni, Ma. Wọ́n ti sin Ìyá lọ́sàn-án."

"Níbo?"

"Ẹ̀yìn ilé bàbá wọn, Ma." Ọmọ náà bú sẹ́kún. "Àwọn kan ní kí wọ́n dúró dè yín. Bàbá Ọ̀ṣúndáre ní òkú kì í dúró."

Lẹ́yìn ogójì ọjọ́ ni wọ́n tó gbà kó gba ọ̀nà ẹsẹ̀ lọ rí sàréè. Ọkùnrin kan láti Ìlobù àti ọ̀kan láti Ìfọ́n ló tẹ̀ lé e. Ó kúnlẹ̀ fún Bàbá Ọ̀ṣúndáre, ó sọ ìbúra rẹ̀ fún un. Bàbá mi orí.

"A kì í hú òkú Mùsùlùmí, Dọlápọ̀sí. Ká tiẹ̀ ní à ń hú u, ọ̀nà wo lo fẹ́ gbé e gbà?"

Nígbà tó ń padà, ó dúró nídìí pèrègún ìkeje. Ó gbá a mú kó fà á tu. Àwọn ọkùnrin méjèèjì pariwo lẹ́ẹ̀kan náà: "Ẹ má fọwọ́ kàn án!" Wọ́n wo ara wọn. Láti ìgbà tí wọ́n ti jọ ń rìn, ìyẹn nìkan ni ohùn wọn ṣọ̀kan lé lórí. Ó fi í sílẹ̀.

Kọ́lẹ́ẹ̀jì ṣí lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Kò sí iṣẹ́ kankan tí àwọn mẹ́fà yẹn lè fi hàn, ìdánwò orí ìwé nìkan ni wọ́n fi tì wọ́n jáde. Ọmọ tuntun kan gbé ère rẹ̀ wá, ó bi tíṣà pé níbo ni kí òun tò ó sí.

"Orí tábìlì."

"Ṣé kò ní di òkúta mẹ́ta báyìí, Ma?"

Dọlápọ̀sí ń nu ọwọ́ rẹ̀, ó ń fi aṣọ wá ẹrẹ̀ lábẹ́ èékánná.

"Ó ti di bẹ́ẹ̀," ó ní. "Gbé e sórí tábìlì."