Ọjọ́ Tí Ọwọ́ Nieves Dilẹ̀

Bí ẹ bá pàdé Nieves Terrazas ní ọjà La Cancha, níbi tó ti ń bá olódùnkún jà nítorí owó táṣẹ́rẹ́, ẹ ò ní mọ̀ pé òun ló ń mú ọkàn ènìyàn sùn. Ní ilé ìwòsàn wa ní Cochabamba, òun nìkan ló mọ ẹ̀rọ tó ń mí fún aláìsàn, tó sì ń ti ẹ̀jẹ̀ káàkiri ara rẹ̀ nígbà tí dókítà bá ń rán ọkàn.

Ọkàn tó ń lù kò ṣe é rán. Èyí tí a bá sì gba ẹ̀jẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, ẹran rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í kú. Nieves á po oògùn tútù mọ́ ẹ̀jẹ̀, á rọ ọ́ sínú iṣan ọkàn, ọkàn á sì dákẹ́ láìkú. Tó bá ṣe díẹ̀, á tún fún un. “Dókítà, ó ti tó àsìkò o!” Dókítà Arze á gbé abẹ́rẹ́ sókè, á máa kùn.

Ìgbà tó yá, oògùn mìíràn dé, ẹ̀ẹ̀kan péré ni wọ́n ń fún ọkàn, á sì sùn pẹ́. Arze fẹ́ràn rẹ̀ bí ojú. Nieves ní oògùn ọ̀lẹ ni. Bí èmi tó ń gbé irinṣẹ́ fún wọn bá dá sí i, àwọn méjèèjì á kọjú sí mi. Níkẹyìn wọ́n gbà láti fi méjèèjì wéra: kọ̀ǹpútà ni yóò máa yan èyí tí aláìsàn kọ̀ọ̀kan máa gbà, bí ẹni ń ṣẹ́ kèké.

Àfi bí wọ́n ṣe gbé Bàbá Fermín wọlé. Aránbàtà ni, ilẹ̀kùn kan nínú ọkàn rẹ̀ ti bàjẹ́. Gẹ́gẹ́ bí àṣà wa, òun ló gé irun àkọ́kọ́ lórí Nieves nígbà tó wà lọ́mọdé, ìyẹn ló sì sọ ọ́ di bàbá fún un títí ayé.

Nígbà tí wọ́n ṣàlàyé oògùn méjèèjì fún un tán, ó fi orúkọ ìkẹ́ pè é: “Nievitas, èwo ló dáa jù nínú méjèèjì?”

“Bàbá mi, mi ò mọ̀.”

“Àbí o ò fẹ́ sọ ni?”

“Mi ò mọ̀ lóòótọ́ ni. Torí ẹ̀ la ṣe ń wá a.”

Bàbá rẹ́rìn-ín. “Bàtà kì í bi mí léèrè irú gọ́ọ̀mù tí mo fi lẹ̀ ẹ́. Ẹ ṣáà lẹ̀ mí dáadáa.”

Oògùn ẹ̀ẹ̀kan péré ni kọ̀ǹpútà yàn. Nieves fà mí sẹ́yìn ilẹ̀kùn.

“Tí nǹkan bá ṣe é ńkọ́? Tèmi ni mo mọ̀!”

“O ti sọ fún un pé o ò mọ èyí tó dáa jù.”

Ó wò mí bíi kó gbá mi létí. Ṣùgbọ́n ó wọlé, ó sì fún un ní èyí tí wọ́n yàn.

Ọkàn náà gbọ̀n, ó falẹ̀, ó dúró. Ẹ̀rọ ṣì ń yí, ṣùgbọ́n kò sí oògùn tó kù láti pò. Ọwọ́ Nieves dilẹ̀. Ó bá na ọrùn wo inú àyà bàbá rẹ̀, ohun tí kò ṣe rí, nítorí gbogbo ọdún tó ti ń ṣiṣẹ́, aago àti rọ́bà ẹ̀rọ rẹ̀ ló ń wò. Ọkàn náà sùn síbẹ̀, ó rọ̀, ó jọ ẹran orí àtẹ alápatà. Ẹ̀rù bà mí, mi ò purọ́.

Òwú kan já. Arze ní láti tún ibẹ̀ rán.

“Dókítà, ó ti ń pẹ́.”

“Mo mọ̀, Nieves.” Kò kùn lọ́jọ́ náà.

Nígbà tó parí, ó tú ẹ̀mú tó fi dí ọ̀nà ẹ̀jẹ̀, ẹ̀jẹ̀ gbígbóná sì padà sínú ọkàn. Kò mira. A dúró. Ẹ̀gbẹ́ kan lára ọkàn náà gbọ̀n díẹ̀, ó tún dákẹ́. Lẹ́yìn náà ó lù lẹ́ẹ̀kan. Ó tún lù. Ó sì ń lọ, láìsí ẹni tó fọwọ́ kàn án. Ọlọ́run mi ò! Ìbòmú Nieves rin gbingbin fún omijé.

Nígbà tí bàbá lajú, ó di ọwọ́ Nieves mú.

“O ṣé, ọmọ mi. O jí mi.”

“Rárá, bàbá mi,” ni Nieves wí. “Ẹ fúnra yín lẹ jí. Mo kàn ń wò yín ni.”