Ilé Olú Tí Wọ́n Kùn Ní Ọ̀dà Fàdákà

Àwọn aráalé mi ní Ayọ̀bọ̀ kò mọ orúkọ tí wọn ìbá pe iṣẹ́ mi. Ìmọ̀ ohun abẹ̀mí ni mo kà ní yunifásítì; ère ni mo sì ti ń mọ láti kékeré. Nígbà tó yá, mo pa méjèèjì pọ̀. Mo máa ń gbin olú sínú èérún pákó tí mo kó láti sọ́míìlì. Gbòǹgbò olú a ta bí òwú funfun, a so èérún náà pọ̀ títí yóò fi le bíi búlọ́ọ̀kù. Ohun tí èmi àti àwọn tí a jọ ń ṣèwádìí fẹ́ mọ̀ ni bóyá àwọn tó bá máa lọ gbé ní Máàsì, ayé pupa òkè lọ́hùn-ún, lè gbin ilé tiwọn dípò kí wọ́n ru símẹ́ńtì lọ.

Ìyá mi ní, "Àwa tí a wà níbí ò tíì rí títì gidi rìn, ìwọ ń kọ́lé fún ará òkè."

Ẹ̀rín ni mo fi dá a lóhùn. Ìyá mi kọ́ ni mò ń bá wí.

Ẹni tí mò ń bá wí ni alága ẹgbẹ́ kan ní Ẹ̀gbẹ́dá, tó sọ ara rẹ̀ di ọ̀gá nínú ọ̀rọ̀ òfurufú. Adìẹ tó ń mumi náà máa ń wòkè. Ìyẹn ò sọ ọ́ di onímọ̀ ìràwọ̀. Ó fẹ́ ṣe àfihàn nínú gbọ̀ngàn kan, ó sì bẹ̀ mí pé kí n gbé iṣẹ́ mi wá. Mo gbin ilé kan tó rí bí igbá tí a dojú rẹ̀ dé, tí ọmọdé lè wọ inú rẹ̀ jókòó. Mo mọ̀ọ́mọ̀ dá a sí láàyè, kí ẹni tó bá fọwọ́ kàn án lè mọ̀ pé ohun abẹ̀mí ni.

Nígbà tí a gbé e dé, alága ń bá síìpù jà lẹ́nu ọ̀nà. Ó ti ní kí télọ̀ rán aṣọ funfun rẹpẹtẹ kan fún òun, bíi tàwọn tó ń lọ sí òṣùpá. Òógùn bò ó.

"Dókítà, kí ló dé tí eléyìí rí bí ẹ̀kọ tó bu?"

"Olú ni, sà. Ó wà láàyè."

"Ta ló fẹ́ wo olú? Nǹkan òfurufú gbọ́dọ̀ máa dán!"

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi nǹkan kan kùn ún o. Ó ń mí. Tí ẹ bá dí i lára, ó máa kú."

"Ó ń mí kẹ̀?" Ó rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀yin oníwèé yìí ṣá!"

Nígbà tí mo padà dé lọ́jọ́ àfihàn, ọ̀dà fàdákà ti bo ilé náà láti òkè délẹ̀. Alága wà lórí pèpéle, ó ń pariwo sínú maíìkì pé irin àrà ọ̀tọ̀ ni wọ́n fi kọ́ ọ. Àwọn èèyàn ń pàtẹ́wọ́. Bí maíìkì bá ti ròkè tó, kò sí irọ́ tí wọn ò ní pàtẹ́wọ́ fún.

Mo rìn lọ síbẹ̀, mo ki ọwọ́ bọ ara ògiri rẹ̀, mo fa apá kan ya.

"Èérún pákó ni irin yín, sà."

Inú ibi tí mo ya funfun, ó tutù, ó ń rùn bí igbó lẹ́yìn òjò. Obìnrin kan tó wọ híjáàbù dìde níwájú, ó fọwọ́ kàn án.

"Ẹ̀yin ará, ó tutù o! Ṣé ó ṣì wà láàyè?"

"Inú lọ́hùn-ún nìkan, mà. Ara rẹ̀ ti kú."

"Ta ló pa á?"

Mo wo alága. Gbogbo wọn wò ó. Ó gbé maíìkì sókè, ó ní, "Ìyẹn náà wà lára ètò wa!"

Wọ́n tún pàtẹ́wọ́.

Kó tó di ìrọ̀lẹ́, ó ti ki ọwọ́ bọ ihò tí mo ya, ó ya fọ́tò, ó gbé e sórí íńtánẹ́ẹ̀tì pé ìwádìí òun nìyẹn. Ojú mi là sí ohun tí àwọn kan ń pè ní ìmọ̀.

Olùkọ́ ni obìnrin oníhíjáàbù yẹn, ní ilé ìwé kan ní Òkè-Odò. Òun ló ní kí n wá kọ́ni níbẹ̀ bí a ṣe ń gbin olú. Àwọn ọmọ ibẹ̀ ti gbin àga kan, wọ́n ń jókòó lé e. Ọ̀kan bi mí pé ta ni yóò máa gbálẹ̀ ní Máàsì. Mo rò ó títí mo fi délé.

Alága pè mí láìpẹ́ yìí, pé kí n wá sọ̀rọ̀ nípa ìràwọ̀ níbi ètò òun mìíràn. Mo jẹ́ kó sọ tẹnu rẹ̀ tán, mo kí i pé ó dàárọ̀, mo sì pa fóònù mi.