Ìbò Tí Ìta Kànga Kò Dì

A pàdánù àga kánsẹ́lọ̀ wọ́ọ̀dù wa nínú ìbò ìjọba ìbílẹ̀ tó kọjá, a sì pàdánù ilé ìgbẹ̀bí tí àga náà ì bá gbà padà fún wa. Kò sí ẹni tó jí àpótí. Kò sí ẹni tó yọ àdá. A jókòó sínú àgbàlá wa láti òwúrọ̀ títí àkókò ìdìbò fi kọjá, lẹ́yìn náà ni ìwé èsì sọ fún wa pé a ti dìbò tán. Mo ń kọ ọ́ sílẹ̀ bó ṣe ṣẹlẹ̀ fún ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń bi mí léèrè ìdí tí n kò fi bínú mọ́. Ìbínú náà ṣì wà. Mo kàn ti gbé e pẹ́ débi tí apá mi ti kú sábẹ́ rẹ̀.

Ẹni tí kò bá mọ wọ́ọ̀dù wa, kó dúró lẹ́yìn Ìdúmọ̀tà níbi tí àwọn aláṣọ ń kó ẹrù wọn sí. Ọ̀nà tóóró ni yóò gbà wọ Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó, láàárín àwọn ilé tó fẹ̀yìn tira wọn, títí yóò fi já sí títì Igbóṣéré níbi tí àwọn lọ́yà pọ̀ sí. Láàárín ọ̀nà yẹn ni Ìta Kànga wà: agbolé mẹ́ta tó kọjú sí àgbàlá kan ṣoṣo. Ibẹ̀ ni wọ́n bí mi sí. Láti ibẹ̀ ni mo ti ń fẹsẹ̀ rìn lọ síbi iṣẹ́ ní gbogbo ọdún tí mo fi ṣe akọ̀wé ilé ẹjọ́, àti nígbà tí mo ṣe akọ̀wé ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ tí a fi daṣẹ́ sílẹ̀.

Wọ́ọ̀dù náà kò dúró sójú kan rí. Nígbà èwe mi, apá kan Ìdúmọ̀tà wà nínú rẹ̀. Àwọn ọlọ́jà Ìjẹ̀bú àti Ìjẹ̀ṣà tó ń gbé lókè ṣọ́ọ̀bù wọn máa ń bá wa dìbò. Ìjọba ológun dé, ìbò dáwọ́ dúró. Nígbà tí wọ́n tún ààlà yà, ìlà náà gba ẹ̀yìn ilé wa kọjá, ọjà sì bọ́ sí wọ́ọ̀dù mìíràn. Ẹni tó fa ìlà náà kò wá wo ilé wa kó tó fà á. Síbẹ̀, ibùdó ìdìbò kò kúrò nínú àgbàlá wa.

Ìgbà kan wà tí a kì í tẹ ìka sórí ìwé. Ẹni tó gbé àwòrán olùdíje yóò dúró, àwọn tó fẹ́ ẹ yóò tò sẹ́yìn rẹ̀ ní gbangba. Ní Ìta Kànga, ẹni tó dàgbà jù lọ ló máa ń kọ́kọ́ bọ́ síta. Bí àgbà bá ti dúró, ìyókù yóò wá tò. Kò túmọ̀ sí pé ẹni tí àgbà yàn ni gbogbo wa yàn. Mo ti rí ọmọ tó gba ẹ̀gbẹ́ ìyá rẹ̀ kọjá lọ sórí ìlà kejì, tí kò sì sí ẹni tó bá a wí. Ọ̀wọ̀ ni. Nígbà tí ìdìbò di ti ìkọ̀kọ̀, àṣà náà kò parẹ́. Ọmọ Ìta Kànga kì í dìbò kí àgbà tó dì.

Àgbà wa lónìí ni Àlàájà Sàbítíyù. Ó ti ju ọgọ́rin ọdún lọ, ojú rẹ̀ ṣì ríran, ẹnu rẹ̀ ṣì mú, ṣùgbọ́n orúnkún rẹ̀ kò gbé e mọ́.

Olùdíje tí a fẹ́ ni Fọlákẹ́, aránṣọ, ọmọ Ìjẹ̀bú tó ti ń gbé ládùúgbò wa kó tó lọ́kọ. Kánsẹ́lọ̀ tó wà lórí àga ti ti ilé ìgbẹ̀bí tó wà ní ìkángun ọ̀nà wa pa, ó fẹ́ fi ibẹ̀ ṣe ilé ìkẹ́rùsí fún àwọn oníṣòwò. Àbúrò Fọlákẹ́ rọbí lọ́sẹ̀ tí wọ́n tì í. Inú kẹ̀kẹ́ Maruwa ló bímọ sí, lójú ọ̀nà ilé ìwòsàn tó jìnnà, ọmọ náà kò yè. Ìdí nìyẹn tí Fọlákẹ́ fi gba fọ́ọ̀mù. Ìlérí kan ṣoṣo ló ṣe: pé ilẹ̀kùn yẹn yóò ṣí.

Ó ku ọjọ́ méjì kí a dìbò ni wọ́n lẹ ìwé mọ́ ògiri pé ibùdó ìdìbò wa ti kúrò ní àgbàlá, ó ti di ilé ẹ̀kọ́ kan ní òdìkejì títì Igbóṣéré. Wọn kò sọ ìdí. Fún èmi tí mo lẹ́sẹ̀, ìrìn kékeré ni. Fún Àlàájà, bí ìlú òkèèrè ni, nítorí ọkọ̀ kì í rìn lọ́jọ́ ìbò àfi èyí tó bá ní ìwé àṣẹ.

Láàárọ̀ ọjọ́ náà, Múfútáù wọlé. Òun ni olórí ẹgbẹ́ òṣèlú kánsẹ́lọ̀ náà ní wọ́ọ̀dù wa, ṣùgbọ́n ọmọ agbolé wa ni. Ọwọ́ Àlàájà ló dàgbà sí. Ó dọ̀bálẹ̀ fún ìyá, ó yíjú sí mi.

“Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ ti múra?”

“A ti múra. Bí a ó ṣe gbé Àlàájà kọjá títì la ń rò.”

“Ẹ̀yin náà, Ẹ̀gbọ́n. Ẹ fi ti òṣèlú sílẹ̀ ná. Ṣé mo máa wà láyé kí Ìyá máa wọ́ ẹsẹ̀? Mo ti gba ìwé àṣẹ. Ọkọ̀ ń bọ̀ wá gbé wọn.”

Àlàájà dá a lóhùn láti orí àga rẹ̀. “Ṣé ọkọ̀ tó gbé mi lọ sílé ìyàwó rẹ nìyẹn? Torí àwa la tì í délé.”

Àgbàlá bú sẹ́rìn-ín. Múfútáù náà rẹ́rìn-ín. “Òmíràn ni, Ìyá. Eléyìí ní éèsì.”

“Mi ò sọ pé ooru ń mú mi. Orúnkún ni mo ní ó ń dùn mí.”

Ó mu omi tí wọ́n bù fún un, ó lọ. A jókòó. Àwọn ọkùnrin fẹ̀yìn ti ògiri, àwọn obìnrin tẹ́ ẹní, káàdì ìdìbò wà lọ́wọ́ oníkálukú.

Fọlákẹ́ dé lọ́wọ́ ọ̀sán. Kò jókòó.

“Ẹ̀gbọ́n, ìlà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán níbẹ̀. Kí lẹ ń dúró dè?”

“Ọkọ̀ tó fẹ́ gbé Àlàájà ni.”

“Ọkọ̀ ta ni?”

“Ti Múfútáù.”

“Ẹ̀yin tí ẹ jókòó sílé ẹjọ́ láti ìgbà yìí wá, ẹlẹ́rìí tí alátakò pè lẹ gbà gbọ́?”

“Ọmọ ilé ni, Fọlákẹ́.”

“Èmi kì í ṣe ọmọ ilé, mi ò lè pàṣẹ níbí. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí ẹni mẹ́rin gbé Àlàájà tàga-tàga, ká máa lọ.”

Àlàájà ní, “Wọn ò tíì gbé mi bí òkú rí, mi ò sì fẹ́ kó jẹ́ òní ni wọ́n á bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀yin ẹ máa lọ. Èmi ò dá yín dúró.”

Ó sọ bẹ́ẹ̀. Gbogbo wa gbọ́ ọ. Àwọn kan ti ń gbọn aṣọ wọn nù. Èmi, Ganíyù, akọ̀wé ilé ẹjọ́, ni mo ní kò yẹ kí a fi àgbà sílẹ̀, pé ọkọ̀ kò ní pẹ́ dé mọ́. Àwọn tó ti dìde tún jókòó nítorí pé èmi ni mo sọ̀rọ̀.

Mo pe Múfútáù lórí fóònù. Ó ní ọkọ̀ ti dé Ìdúmọ̀tà, àwọn sójà ló dá a dúró. Mo tún pè é, kò gbé e. Nígbà tó yá, Àlàájà fúnra rẹ̀ ní kí wọ́n gbé òun. Ẹni mẹ́rin gbé àga náà gba ọ̀nà tóóró wa, gbogbo Ìta Kànga tẹ̀lé e. Nígbà tí a máa dé ẹnu géètì ilé ẹ̀kọ́ náà, aago mẹ́ta ti kọjá.

Òṣìṣẹ́ ìbò tó wà níbẹ̀ kò fi ìwọ̀sí lọ̀ wá. “Bàbá, ẹni tó bá wà lórí ìlà ní aago mẹ́ta nìkan ni òfin gbà.”

“Agbolé mẹ́ta ló wà lẹ́yìn mi yìí.”

“Ẹ má bínú, sà. Ìlà ni mo mọ̀. Mi ò mọ agbolé.”

Mo wọlé gẹ́gẹ́ bí aṣojú ẹgbẹ́ òṣèlú Fọlákẹ́ láti wo bí wọn yóò ṣe ka ìbò. Ìwé orúkọ àwọn olùdìbò wà ní ṣíṣí lórí tábìlì. Mo ti fi gbogbo ayé mi ka ìwé tí àwọn ènìyàn kò fẹ́ kí n kà. Ojú mi yára. Àmì wà níwájú orúkọ wa, láti òkè dé ìsàlẹ̀. Àmì wà níwájú orúkọ tèmi. Àmì wà níwájú orúkọ Sàbítíyù, nígbà tí Sàbítíyù fúnra rẹ̀ wà lórí àga ní ẹnu géètì, tí ń fi káàdì rẹ̀ fẹ́ ara rẹ̀. Mo ní kí wọ́n kọ àtakò mi sílẹ̀. Wọ́n ní kò sí fọ́ọ̀mù rẹ̀. Wọ́n ka ìwé ìdìbò tó wà nínú àpótí, kánsẹ́lọ̀ náà ló wọlé.

A gbé ẹjọ́ lọ síwájú ìgbìmọ̀ tó ń gbọ́ ẹ̀sùn ìbò. Mo dúró láti jẹ́rìí. Lọ́yà kánsẹ́lọ̀ náà bi mí ní ìbéèrè kan ṣoṣo.

“Bàbá, ta ló dí yín lọ́nà láti dìbò?”

“Kò sí ẹni tó dí wa lọ́nà. À ń dúró de àgbà wa.”

“Ó tán, olúwa mi.”

Ní ti ìwé orúkọ, ìgbìmọ̀ ní a kò lè mú un wá, pé ẹnu lásán ni. Wọ́n da ẹjọ́ náà nù. Fọlákẹ́ kò bá mi wí. Ó ní kí n káàbọ̀ láti kóòtù, ó sì padà sídìí ẹ̀rọ rẹ̀.

Páálí ẹrù ló kún ilé ìgbẹ̀bí báyìí. Aboyún wa ń bá kẹ̀kẹ́ Maruwa dúnàádúrà. Àwọn àgbà ní bí ikú ilé kò bá pani, tòde kò lè pani. Múfútáù ṣì ń wọlé wá kí wa, Àlàájà ń dá a lóhùn, èmi náà ń dá a lóhùn. Ohun tó ń dẹ́rù bà mí ni pé ohùn mi kì í yí padà bí mo bá ń dá a lóhùn.

Bí ẹ bá bi mí ní èrè tí a jẹ, mo lè tọ́ka sí ẹyọ kan. Àlàájà pe gbogbo wa jọ, ó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé láti ìsinsìnyí lọ, kí ẹni tó bá kọ́kọ́ jí kọ́kọ́ dìbò. A gbà. Àṣà tí a bá láyé, tí ológun kò lè bà jẹ́, tí ààlà tuntun kò lè bà jẹ́, àwa la fọwọ́ ara wa sin ín. N kò mọ̀ bóyá èrè ni kí n pè é tàbí àdánù.

Mo ti sọ ẹ̀bi tèmi: mo ní kí wọ́n jókòó. Ó ku tàwọn ẹlòmíràn. Kí ẹni tó ní kí wọ́n gbé ibùdó ìdìbò kúrò ní àgbàlá wa sọ ìdí rẹ̀ ní gbangba. Kí Múfútáù mú ọkọ̀ náà àti awakọ̀ rẹ̀ jáde, bí wọ́n bá wà. Kí àwọn tó ní ìwé orúkọ náà níkàáwọ́ tẹ́ ẹ síta kí gbogbo wọ́ọ̀dù wá kà á. Kí ẹni tó sì fi àmì síwájú orúkọ Sàbítíyù jáde wá sí Ìta Kànga ní ọ̀sán gangan, kó jókòó níwájú rẹ̀, kó sọ fún un ẹni tó dìbò fún.