Àgùntàn Geeske Lẹ́bàá Àgbá Ọba

Geeske Payens, àbúrò bàbá mi obìnrin, kò kúrò ní erékùṣù wa, Heligoland, nínú Òkun Àríwá, rí tí orílẹ̀-èdè rẹ̀ fi yí padà. Ní ọdún 1890, àwọn ọlọ́lá London àti Berlin ń pín Áfíríkà bí ẹni ń pín ẹran iléyá. Gẹ̀ẹ́sì ní kí Jámánì gbójú kúrò ní Zanzibar, òun á fún un ní àpáta kan láàárín òkun. Àwa ni àpáta náà.

Aṣojú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì kó wa jọ. Ó ní ọba obìnrin fẹ́ràn wa gan-an, nítorí náà, láti ọjọ́ Àbámẹ́ta, a ti di ará Jámánì.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà," Geeske ní, "ta ni wọ́n bi nínú wa?"

"Ire yín ni, màmá."

"Ẹ ṣé o. Ire tó tóbi tó báyìí, wọn kì í bi olóhun."

Jámánì fọn fèrè, wọ́n ní a ti padà sílé ìyá wa. A ò mọ̀ pé a sọnù tẹ́lẹ̀. Kò pẹ́ tí wọ́n gbé àgbá ogun ńlá kan ka orí koríko tí Geeske ń so àgùntàn rẹ̀ mọ́. Ó so àgùntàn náà mọ́ ọgbà tó yí àgbá náà ká.

"Ìyá, àṣírí ológun nìyí!" sójà kan pariwo.

"Àgùntàn mi kì í sọ̀rọ̀, ọmọ mi. Àbí ẹ̀rù rẹ̀ ń bà yín ni?"

Wọ́n gba àgùntàn náà. Geeske jókòó sẹ́nu ọ̀nà ọ̀gá wọn, ó ń hun ìbọ̀sẹ̀, títí ojú fi tì wọ́n tí wọ́n dá a padà.

Nickels, àbúrò rẹ̀ apẹja, fọwọ́ sí ìwé pé ará Gẹ̀ẹ́sì lòun ṣì jẹ́. "Wọn ò lè tà mí," ló ń wí. Nígbà tí ogun 1914 dé láàárín ọba Gẹ̀ẹ́sì àti ọba Jámánì, ọmọọmọ ìyá àgbà kan náà, àwọn Jámánì kó gbogbo wa lọ sí Hamburg. Ọ̀tá ni wọ́n pe Nickels, wọ́n sì tì í mọ́lé. Geeske gbé búrẹ́dì lọ fún un.

"Ṣé wọ́n ń fún ẹ lóúnjẹ?"

"Ọbẹ̀ tó mọ́ gaara ni, ẹ̀gbọ́n mi. Mo ń rí ojú ara mi nínú ẹ̀."

Ikọ́ pa á síbẹ̀.

Nígbà tí ogun parí, a padà sílé. Àwọn sójà ti fi ilẹ̀kùn àti fèrèsé wa dáná. Gẹ̀ẹ́sì náà dé, wọ́n wá fọ́ àgbá náà. Ọ̀gá kan ní kí Geeske pa fèrèsé dé nítorí ariwo.

"Fèrèsé wo, sà?"

Geeske ní kí wọ́n gbẹ́ orúkọ Nickels sára òkúta ìrántí ní ṣọ́ọ̀ṣì. Pásítọ̀ bi í pé ará ibo ni kí àwọn kọ.

"Ẹ kọ ọ́ pé apẹja ni."