Máńgòrò Ìyá Wándé

Gbogbo ẹni tó mọ Gbádérọ̀ ní Agbowó nígbà náà ló mọ̀ pé kì í ṣe ènìyàn burúkú. Àbùkù kan ṣoṣo tó ní ni pé kò lè fojú kan oorun bí ẹnikẹ́ni bá ti sọ pé iṣẹ́ rẹ̀ kù díẹ̀. Ẹ má fi ẹ̀rín ṣe é. Mo ti rí olè tí kò ṣe ibi tó bẹ́ẹ̀.

Pátákó ló ń kọ. Bí ẹ bá rí àwòrán orí tí wọ́n gẹ̀ dáadáa níwájú ìsọ̀ onígbàjámọ̀, tí etí rẹ̀ wá tóbi jù, Gbádérọ̀ ló yà á. Ṣùgbọ́n ohun tó ń jẹ ẹ́ lọ́kàn ni pé kí òun ya àwòrán kan tí wọn yóò gbé kọ́ sí pálọ̀, tí ẹnikẹ́ni kò ní ní kí òun kọ "Ẹ má tọ̀ síbí" sí abẹ́ rẹ̀.

Nínú oṣù kẹta ọdún 1986, Ìyá Wándé ránṣẹ́ pè é sí Bódìjà. Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ni, ará Ṣakí bíi tirẹ̀, ìjọ Onítẹ̀bọmi kan náà ni wọ́n sì jọ ń lọ. Ojú rẹ̀ òsì ti fọ́, dókítà sì ti sọ pé ti ọ̀tún náà kò ní rí ọdún tuntun. Ilé ìjọba ló ń gbé. Ní oṣù kejìlá ni yóò kó jáde, àwọn tó ń bọ̀ sì ti ní àwọn yóò gé gbogbo igi tó wà nínú ọgbà náà.

"Gbádérọ̀, ya ọgbà mi fún mi. Mo fẹ́ wò ó yó kí ojú yìí tó lọ. Òdòdó tó bá wù ọ́ ni kí o yà, ṣùgbọ́n máńgòrò yẹn, yà á bó ṣe rí. Ìdí rẹ̀ ni mo sin ìwọ́ Wándé sí."

Wándé ni àkọ́bí rẹ̀ tí ọkọ̀ pa lójú ọ̀nà Èkó ní ọdún márùn-ún sẹ́yìn. Gbádérọ̀ mọ̀. Ó wà níbi ìsìnkú. Ẹ rántí pé ó mọ̀ o.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló fi yà á. Máńgòrò náà dúró gbagidi níwájú, ó wọ́ díẹ̀, ó dí ìdajì ojú sánmà bó ti dí i ní Bódìjà gan-an. Ká ní ó gbé e lọ lọ́jọ́ tó yà á tán, ì bá ti parí síbẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀sán Sátidé ni, ọ̀sán Sátidé sì ni òun àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ méjì máa ń yẹ iṣẹ́ ara wọn wò ní ìsọ̀ rẹ̀. Ṣàkírù ń ya kìnnìún sára ọkọ̀ akẹ́rù. Ògúntúndé kàwé díẹ̀ ní Poli, ó sì máa ń di ojú kan bó bá ń wo nǹkan. Ọ̀rẹ́ tòótọ́ ni wọ́n. Wọn kì í sọ pé iṣẹ́ ẹnì kan burú. "Ó kù díẹ̀" ni wọ́n ń sọ. Ọmọ Yorùbá wo ni kò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí ní ojú méjì? Ó lè jẹ́ pé iṣẹ́ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí. Ó sì lè jẹ́ pé ìtìjú ni kò jẹ́ kí wọ́n fi "káàtó" kún un. Gbádérọ̀ kì í béèrè èwo ni.

Ògúntúndé di ojú kan. "Ó dáa, Gbádé. Ó kù díẹ̀ ni. Igi yìí ni kò jẹ́ kí èèyàn rí ọ̀nà wọ inú ọgbà. Sún un sẹ́gbẹ̀ẹ́."

Ó sún un. Ká sòótọ́, ó dára sí i.

Ṣàkírù ní, "Àwọ̀ ewé kan náà lo kùn látòkè délẹ̀ bí aṣọ sójà. Fi yẹ́lò díẹ̀ sí ibi tí oòrùn ti ń bọ̀." Ó fi í sí i, ewé sì jí. Wọ́n ní igi náà sanra jù, ó gé e kù. Nígbà tó fi máa di oṣù kẹfà, ẹ̀ka kan péré ló kù tó ń yọjú láti ẹ̀gbẹ́. Ní oṣù kẹjọ, ẹ̀ka ti lọ, òjìji rẹ̀ ló kù lórí koríko. Ní oṣù kẹsàn-án, Ògúntúndé tún di ojú kan. "Òjìji kí nìyí? Òjìji láìsí igi!" Wọ́n rẹ́rìn-ín títí, Gbádérọ̀ ló sì rẹ́rìn-ín jù. Ó fi àwọ̀ koríko bò ó.

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni Fọláyọ̀, ọmọbìnrin Ìyá Wándé, wá béèrè.

"Bọ̀ọ̀dá Gbádérọ̀, Màmá ní ṣé ó ti parí?"

"Ó kù díẹ̀."

Nígbà kejì, ó ní, "Wọn ò rí ìwé Bíbélì kà mọ́."

"Sọ fún wọn pé ó kù díẹ̀."

Nígbà kẹta, ó ní, "Wọ́n ní kí ẹ gbé e wá bó ṣe wà."

"Ṣé iṣẹ́ tí kò tíì pé ni kí n gbé fún Màmá?" Bó ṣe dáhùn nìyẹn, bí ẹni tó ń bọ̀wọ̀ fún àgbà! Inú ń bí mi títí dòní.

Sátidé àkọ́kọ́ nínú oṣù kọkànlá, Ògúntúndé la ojú méjèèjì. "Kò ku nǹkan kan mọ́," ó wí. Gbádérọ̀ sunkún ayọ̀, ó fi aṣọ we àwòrán náà, ó sì wọ takisí lọ sí Bódìjà.

Ìyá Wándé jókòó síta, ó kọjú sí ọgbà, ó dẹ etí bí ẹni tó ń gbọ́ nǹkan. Ó ti di ọ̀sẹ̀ méjì tí ojú ọ̀tún náà ti lọ. Kò bínú. Ó ní kí ó gbé e lé òun nítan.

"Ṣé ó ti gbẹ?"

"Ó ti gbẹ, Mà."

"Fi ìka mi lé máńgòrò."

Gbádérọ̀ lè sọ òtítọ́ nígbà yẹn. Ó di ìka ìyá náà mú, ó sì fi í lé ojú sánmà, níbi tí igi náà wà nínú oṣù kẹta. Ìyá Wándé rọra ń fọwọ́ pa á lọ sókè sódò.

"Ó mà jọ̀lọ̀ o, ọmọ mi."

Fọláyọ̀ wà lẹ́yìn àga. Ó ti rẹ̀ ẹ́. Òun ni ojú ìyá rẹ̀ láti ọjọ́ mẹ́rìnlá. "Màmá, ojú sánmà lẹ ń fọwọ́ pa. Kò sí máńgòrò níbẹ̀."

Ìka náà dúró. Gbádérọ̀ bẹ̀rẹ̀ àlàyé: pé ojú gbọ́dọ̀ rí ọ̀nà wọlé, pé igi náà dí ojú, pé ojú ẹni tó ń wò ó kò ní mọ ibi tí yóò sinmi sí. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló dárúkọ ojú fún afọ́jú. Ìyá Wándé jẹ́ kó parí, bí tíṣà ṣe ń jẹ́ kí ọmọ ilé ìwé parí irọ́.

"Gbádérọ̀," ó wí, "gbé e padà fún àwọn tó bá ọ tún un ṣe. Àwọn lo yà á fún."

Wọ́n gé máńgòrò náà nínú oṣù kìíní. Àwòrán ọgbà náà wà lára ògiri ìsọ̀ Gbádérọ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, gbogbo ẹni tó bá sì ń kọjá ló ń yìn ín. Kò sí ẹni tó tún sọ pé ó kù díẹ̀.