Bàbá Gooro Abẹ́ Bùláńkẹ́ẹ̀tì

Bí wọ́n bá dárúkọ Bàbá Gooro láàárín àwọn onígìtá, ọ̀rọ̀ ọjọ́ tó da orin rú ní gbọ̀ngàn ńlá kan ni wọ́n máa kọ́kọ́ sọ. Orin ń lọ lọ́wọ́, onígìtá fẹ́ kó rọlẹ̀ díẹ̀, ó bá yí fólúùmù gìtá rẹ̀ wálẹ̀. Lójú ẹsẹ̀ ni gìtá bẹ̀rẹ̀ sí í dún hùn-ùn hùn-ùn, bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ sínú ìrọ̀rí. Bàbá fò dìde láàárín èrò, ó gun orí pèpéle.

"Dúró! O ń pa á!"

"Kí ni mò ń pa, Bàbá?"

"Gooro! O ní kó rọra sọ̀rọ̀, o wá fún un lọ́rùn pa!"

Òṣìṣẹ́ mẹ́ta ló gbé e jáde, ṣùgbọ́n kókó fólúùmù gìtá náà ti wà lápò rẹ̀. Nígbà tílẹ̀ mọ́, onígìtá wá gba kókó rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù tí Bàbá ti ń tún gìtá ṣe, ó sì fi gìtá sílẹ̀ fún àtúnṣe.

Gooro ni Bàbá ń pe ohùn tíńrín tó ń jẹ́ kí okùn gìtá já gaara létí. Òun ló máa ń kọ́kọ́ sọnù bí fólúùmù bá wálẹ̀, Bàbá nìkan ló sì mọ bí wọ́n ṣe ń dá a dúró. Ọmọ rẹ̀ obìnrin, tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ láti ogún ọdún, bẹ̀ ẹ́ títí.

"Bàbá, ẹ fi hàn mí."

"Bí mo bá fi hàn ọ́, wàá ní kò tó nǹkan."

Bó bá kan ibi àṣírí, á da bùláńkẹ́ẹ̀tì bo ara rẹ̀, gìtá àti irin gbígbóná tó fi ń jó lẹ́ẹ̀dì mọ́ wáyà. Lọ́jọ́ kan, èéfín yọ lókè bùláńkẹ́ẹ̀tì, ìyàwó rẹ̀ rò pé ọkọ òun ń jóná, ó da garawa omi kan lé e lórí. Bàbá yọrí síta, omi ń kán nírùngbọ̀n rẹ̀.

"Ìyá ọmọ mi, kí lo rí?"

"Ẹ̀yin ni mo rí."

"Ìyẹn ò burú. Máa lọ."

Nígbà tí àìsàn dé, ohùn Bàbá wálẹ̀ débi pé èèyàn ní láti fi etí sún mọ́ ẹnu rẹ̀, síbẹ̀ kò sí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kan tó sọnù. Nọ́ọ̀sì tó fi ìbòmú bá a sọ̀rọ̀, Bàbá ní kó yọ ọ́, pé ohùn rẹ̀ ń dún bíi gìtá tí kò tíì rí àtúnṣe. Ọmọ rẹ̀ tún bi í léèrè àṣírí. Ó rẹ́rìn-ín, ó sùn, kò jí mọ́.

Lẹ́yìn ìsìnkú, àwọn onígìtá ń gbé gìtá wá, ọmọ ń dá wọn padà. Ẹ̀rù bà á pé iṣẹ́ tí bàbá òun fi ayé rẹ̀ ṣe ti bá a wọlẹ̀. Gìtá àwọn oníbàárà, gọ́ọ̀mù ni Bàbá fi ń lẹ ìdérí ibi àṣírí wọn pinpin. Bí èèyàn bá fipá ṣí i, á fọ́. Láàárọ̀ ọjọ́ kan ló ṣẹ̀ṣẹ̀ kíyè sí i pé nọ́ọ̀tì méjì péré ló de ìdérí gìtá Bàbá fúnra rẹ̀. Ó tú u.

Kapásítọ̀ kan ṣoṣo, ẹ̀yà kékeré kan lára ẹ̀rọ iná, ló wà níbẹ̀, kò ju ẹyọ ẹ̀wà lọ. Bàbá jó o mọ́ ẹsẹ̀ méjì tó wà lábẹ́ kókó fólúùmù, èyí tí ohùn ń gbà wọlé àti èyí tó ń gbà jáde. Bí kókó bá ti ilẹ̀kùn mọ́ ohùn, gooro á gba fèrèsé kékeré yìí kọjá.

"Kò mà tó nǹkan!" ni ọmọ pariwo.

Ìwé péńpé kan wà lábẹ́ ìdérí náà, ọwọ́ Bàbá ló kọ ọ́: *Ṣé mi ò sọ fún ọ?*

Ó rẹ́rìn-ín títí omijé fi bọ́ lójú rẹ̀. Ọkàn rẹ̀ balẹ̀ pẹ̀sẹ̀. Ó ta okùn gìtá náà, ó yí fólúùmù wálẹ̀ wálẹ̀, gbogbo okùn ṣì ń já gaara, bí Bàbá ṣe sọ̀rọ̀ kẹ́yìn gẹ́lẹ́.

Onígìtá tí Bàbá yọ kókó rẹ̀ ní gbọ̀ngàn ńlá ló kọ́kọ́ gbé gìtá mìíràn dé. "Ṣé o ti mọ̀ ọ́n? Jẹ́ n wò ó, jàre."

"Bí mo bá fi hàn yín, ẹ máa ní kò tó nǹkan."

Ó fa bùláńkẹ́ẹ̀tì borí. Ìyá rẹ̀ ké láti ẹnu ọ̀nà pé ṣé kí òun gbé omi wá. Iṣẹ́ ìṣẹ́jú márùn-ún ni, ṣùgbọ́n òórùn Bàbá ṣì wà nínú bùláńkẹ́ẹ̀tì náà, ọmọ rẹ̀ ò sì tètè jáde.