Dókítà Gbẹ́sẹ̀sókè

Ẹ̀rù ni Ọlápọ̀sí fi ṣe iṣẹ́ dókítà. Kì í ṣe ẹ̀rù ẹ̀jẹ̀. Ohun tó ń bà á lẹ́rù ni kí èèyàn má lọ kú mọ́ ọn lọ́wọ́. Ní ilé ìwòsàn kékeré tó ti ń ṣiṣẹ́ ní Bàrígà, bí nọ́ọ̀sì bá ti fi ìkánjú pè é, á sáré lọ. Á ṣe ohun tó yẹ kó ṣe, ọwọ́ rẹ̀ kò sì ní gbọ̀n lójú ẹnikẹ́ni. Bó bá parí ni yóò lọ ti ilẹ̀kùn mọ́ ara rẹ̀ nínú ilé ìgbọ̀nsẹ̀, tí ọwọ́ náà á wá máa gbọ̀n bí ewé.

Ẹ̀fẹ̀ nìkan ló ń gbà á sílẹ̀. Láàárọ̀, bó bá ń yí wọ́ọ̀dù ká, á máa sín ọ̀gá àgbà jẹ: bó ṣe ń rìn, bó ṣe ń wo èèyàn láti orí awò ojú. Sùrájù tó ń tẹ̀wé ní Ṣómólú wà níbẹ̀ nígbà náà, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣiṣẹ́ abẹ fún un ni. Ẹ̀rín pa á títí, ó di ikùn mú, ó ń bẹ Ọlápọ̀sí pé kó ṣàánú òun kí ojú abẹ má tú. Ọjọ́ tí Sùrájù ń lọ sílé ló sọ fún un pé ó ń fi ẹ̀bùn ẹ̀fẹ̀ rẹ̀ ṣòfò níbẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, aboyún kan kú mọ́ ọn lọ́wọ́. Kò sẹ́ni tó dá Ọlápọ̀sí lẹ́bi. Ó bọ́ aṣọ funfun, ó ká a, ó gbé e sórí tábìlì, ó jáde. Kò padà.

Ilé ìtẹ̀wé Sùrájù ló gbà lọ. Wọ́n ta aṣọ sẹ́yìn ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, wọ́n gbé kámẹ́rà kalẹ̀ láti máa ya fídíò ẹ̀fẹ̀. Ọlápọ̀sí wọ awò ojú tí kò ní gíláàsì. Ó fi rọ́bà tí wọ́n fi ń fa bẹntiróòlù kọ́ ọrùn, ó ní òun ló ń fi gbọ́ àyà. Orúkọ tó fún ara rẹ̀ ni Dókítà Gbẹ́sẹ̀sókè. Aláìsàn á wọlé, á ní ẹ̀jẹ̀ òun ń ru. Dókítà á wò ó títí.

"Ta ló ní kẹ́ ẹ máa dúró lóòró? Ẹ da oògùn yẹn nù. Ẹ sùn sílẹ̀, ẹ gbé ẹsẹ̀ sára ògiri. Ṣebí ó fẹ́ ru ni? Kó máa ru lọ sí àtẹ́lẹsẹ̀."

Fídíò náà ràn bí iná ọyẹ́. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Akọkà ń sín in jẹ. Bó bá dé Onípánù, àwọn kọ̀ndọ́kítọ̀ á máa pè é: Dókítà, ẹsẹ̀ ńkọ́? Á ní ó wà lókè. Iṣẹ́ náà ló fi ń jẹun. Ó sì ń rí oorun sùn.

Àmọ́ kò sọ fún ìyá rẹ̀. Báwo ló ṣe fẹ́ sọ ọ́? Etí ọ̀sà ní Bàrígà ni wọ́n ń gbé, láàárín àwọn apẹja Ìlàjẹ, àwọn yẹn ló sì jọ tọ́ ọ. Látìgbà tí omi ti gbé bàbá rẹ̀ lọ, ọkọ̀ tó bá ti odò dé á ju ẹja kan sínú abọ́ ìyá rẹ̀. Ẹja Dókítà ni wọ́n ń pè é. Bàbá Ikúmápàyí, àgbà apẹja kan, ló dá a sílẹ̀. Bí ọkọ̀ kan bá fẹ́ yọ́ kọjá, á wọ inú omi dé orúnkún, á béèrè pé ẹja Dókítà dà. Inú abọ́ yẹn ni gbogbo ìwé tí Ọlápọ̀sí kà ti jáde. Ẹnu wo ni yóò fi sọ pé òun ti jù ú nù?

Nígbà tí ìyá rẹ̀ bi í pé kí ló dé tí kì í lọ ilé ìwòsàn mọ́, ó ní iṣẹ́ òun ti yí padà, orí fóònù ló wà báyìí. Ìyá rẹ̀ mirí pé ó yé òun. Ó gbọ́ pé àwọn dókítà ń fi fóònù tọ́jú èèyàn lóde òní. Ó lọ fi fídíò ọmọ rẹ̀ han gbogbo etí ọ̀sà.

Ọ̀sán ọjọ́ kan, wọ́n ń ya fídíò lọ́wọ́ nígbà tí Sabina, àbúrò rẹ̀, pè.

"Bọ̀ọ̀dá mi, ẹ tètè máa bọ̀. Bàbá Ikúmápàyí ṣubú. A ti gbé ẹsẹ̀ wọn sókè, wọn ò tíì dìde."

Ọlápọ̀sí bi í pé kí ló sọ.

"Bẹ́ ẹ ṣe ní ká máa ṣe é. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru wọn pàápàá, wọ́n ti dà á sọ́sà látìgbà tẹ́ ẹ ti sọ ọ́."

Ọlápọ̀sí ju rọ́bà ọrùn rẹ̀ sílẹ̀. Ó bọ́ síta, ó wọ kẹ̀kẹ́ márúwá. Ẹni tó ń wà á dá a mọ̀, ó bú sẹ́rìn-ín, ó ń bi í léèrè ẹsẹ̀. Ọlápọ̀sí ní kó tètè máa sáré.

Nínú ilé onípákó tó wà lórí omi, ó bá bàbá náà lórí ẹní. Ọmọkùnrin méjì di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú mọ́ ara ògiri. Ẹnu rẹ̀ ti wọ́ sápá kan. Èrò yà lọ́nà. Wọ́n ní Dókítà ti dé, ìyá rẹ̀ sì mí kanlẹ̀, bí ẹni tí ẹrù sọ̀ lórí rẹ̀.

Ọlápọ̀sí gbé ẹsẹ̀ náà sílẹ̀. Ó fọwọ́ kan ọrùn bàbá, iṣan ibẹ̀ ṣì ń sọ. Ó gbé ọwọ́ ọ̀tún bàbá sókè, ọwọ́ náà já wálẹ̀ bí igi gbígbẹ. Ó mọ ohun tó ṣe é: rọpárọsẹ̀ ni. Ó ní kí wọ́n gbé e lọ ilé ìwòsàn kíákíá.

Kò sẹ́ni tó mira.

"Ilé ìwòsàn wo?" ìyá rẹ̀ bi í. "Kí la wá tọ́ ọ di dókítà fún? Ṣe ohun tó o mọ̀ ọ́n ṣe."

Ọ̀kan nínú àwọn ọmọkùnrin náà ní bóyá ẹsẹ̀ ni kò ga tó. Ó tún gbé e. Wọ́n fi àga sí i lábẹ́. Bàbá Ikúmápàyí ń mí bí ẹni ń fi okùn fa omi nínú kànga jíjìn.

Ọlápọ̀sí wo ojú ìyá rẹ̀. Ó wo àwọn apẹja tó yí i ká, gbogbo wọn ń wo ẹnu rẹ̀. Bó bá sọ òótọ́, ó ti tán láàárín òun àti wọn. Bí kò bá sọ ọ́, bàbá yóò kú pẹ̀lú ẹsẹ̀ lókè.

"Ẹ̀fẹ̀ ni," ó ní.

Wọn ò gbọ́.

"Ìyá mi, ẹ̀fẹ̀ ni. Gbogbo ohun tẹ́ ẹ rí lórí fóònù yẹn, irọ́ ni, ká lè rẹ́rìn-ín ni. Mo ti kúrò nílé ìwòsàn tipẹ́. Èmi kì í ṣe dókítà yín mọ́. Apanilẹ́rìn-ín ni mí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé wọn, ẹ̀mí wọn ń lọ."

Ọmọkùnrin tó di ẹsẹ̀ mú rọra gbé e kalẹ̀, bí ẹni gbé ẹyin.

"Ẹ̀fẹ̀?" ìyá rẹ̀ ní. Ó yíjú sí àwọn èèyàn, ó ní kí wọ́n gbé bàbá.

Wọ́n gbé e sínú ọkọ̀, wọ́n ń tukọ̀ lọ sí èbúté. Ọlápọ̀sí fẹ́ gbé orí bàbá lé itan, apẹja kan yọ ọwọ́ rẹ̀ kúrò. Kò fi ipá yọ ọ́. Ìyẹn ló dun Ọlápọ̀sí jù. Sabina ló ní kó jókòó, pé Ọlápọ̀sí nìkan ló mọ ohun tí wọ́n máa sọ fún àwọn dókítà tí wọ́n bá débẹ̀.

Bàbá Ikúmápàyí kò kú. Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ni kò di àjẹ̀ tó fi ń tukọ̀ mú mọ́. Àwọn ará etí ọ̀sà kò bú Ọlápọ̀sí. Wọ́n kàn ń pe orúkọ rẹ̀ ni, Ọlápọ̀sí, bí ẹni ń pe àlejò. Ó ṣì ń ṣe ẹ̀fẹ̀, iṣẹ́ mìíràn tó lè ṣe kò sí. Àmọ́ bí Sùrájù bá ti tan kámẹ́rà báyìí, á kọ́kọ́ wo ojú rẹ̀. Á máa rò ó pé ta ló ń wò ó, níbo, pẹ̀lú àìsàn wo.

Nígbà tí bàbá ṣì wà ní wọ́ọ̀dù, tí Ọlápọ̀sí lọ kí i, Sabina pàdé rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà.

"Bàbá ní tẹ́ ẹ bá dé, ẹ má pa àwọn lẹ́rìn-ín o. Ó ń dun àwọn lẹ́nu."

Ó wọlé, ó jókòó, ó pa ẹnu dé. Bàbá Ikúmápàyí la ojú, ó wò ó, ó wò ó. Nígbà tó ṣe, èjìká rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í mì. Omi bọ́ lójú rẹ̀. Ọlápọ̀sí kò mọ̀ bóyá ẹ̀rín ni tàbí ẹkún. Ẹ̀rù kò jẹ́ kó lè béèrè.